Bí a ṣe lè fi ohun àfọwọ́bà kọ́ ọmọdé nípa ohun líle, ohun olómi àti gáàsì

Kí a tó kọ́ ọmọdé ní ẹ̀kọ́ nípa ohun líle, ohun olómi àti gáàsì, ó yẹ kí a mọ̀ pé orúkọ àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ṣì í lọ́nà. Bí a bá pe nǹkan ní ohun líle, ohun tí ọmọ yóò gbọ́ ni pé nǹkan náà gbọ́dọ̀ le bí òkúta. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ yìí, mo gbé òwú síwájú wọn, mo sì bi wọ́n pé ọ̀dọ̀ àwọn wo ni kí a tò ó sí. Ọmọ kan fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ní kò le rárá, nítorí náà kò lè jẹ́ ohun líle. Ọmọ náà ronú dáadáa. Èmi ni mi ò tíì ṣàlàyé ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ohun tí ó ń sọ nǹkan di ohun líle ni pé ó máa ń di ìrísí ara rẹ̀ mú láìsí ohun tí ó gbà á dúró, yálà ó le tàbí ó rọ̀. Òwú, aṣọ, bébà, àbẹ́là àti rọ́bà wà lára wọn bí òkúta àti irin ṣe wà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí ẹ sì tún un sọ ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ fi rírọ̀ àti líle nìkan dájọ́.

Ẹ wá òkúta kékeré kan, òwú díẹ̀, rọ́bà tí a fi ń di nǹkan, ègé ṣọ́ọ̀kì kan, wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́, ṣíbí irin kan àti ṣíbí igi kan, iyanrìn gbígbẹ, omi, ìgò méjì tí ìrísí wọn yàtọ̀ síra, àti síríǹjì ńlá tí a ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò.

Bí a ṣe ń dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ju òkúta sínú ìgò kìn-ín-ní, kí ó dà á jáde, kí ó sì jù ú sínú ìkejì. Òkúta kò yí padà. Lẹ́yìn náà kí ó da omi láti inú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ sínú èyí tí ó fẹ̀. Omi yóò mú ìrísí ìgò tí ó bá wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dín, kò sì pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọdé máa ń rò pé omi pọ̀ sí i nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ nítorí pé ó ga níbẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n dà á padà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí ó fi máa dá wọn lójú.

Síríǹjì ni mo fẹ́ràn jù fún gáàsì. Ẹ fa ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, kí ọmọ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ó wá ti ọ̀pá náà. Yóò wọlé díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò máa ti ọwọ́ rẹ̀ padà, bí ó bá sì fi í sílẹ̀, ọ̀pá náà yóò ta sẹ́yìn. Ẹ fa omi sínú rẹ̀ báyìí, kí ẹ lé gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, kí ọmọ tún tì í: kò ní mira.

Ìdí rẹ̀ ni pé ohun gbogbo, títí kan omi àti afẹ́fẹ́, jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn horo tí wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Nínú ohun líle, àwọn horo náà fún mọ́ra, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní àyè tirẹ̀, ó sì ń gbọ̀n lójú kan náà. Nínú ohun olómi, wọ́n ṣì fara kanra, ṣùgbọ́n wọ́n lè yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá. Nínú gáàsì, wọ́n jìnnà síra gan-an, àyè òfìfo sì wà láàárín wọn, èyí tí ó jẹ́ kí a lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú síríǹjì.

Ẹ má fo iyanrìn. Ó ń ṣàn, ó sì ń mú ìrísí ìgò bí omi, nítorí náà ọmọ tí ó bá ń fọkàn bá ẹ̀kọ́ lọ yóò béèrè bóyá ohun olómi ni. Ẹ dà á sórí bébà: yóò ga bí òkìtì, èyí tí omi kò lè ṣe láé. Lẹ́yìn náà ẹ mú hóró iyanrìn kan ṣoṣo, kí ọmọ wò ó pẹ̀lú awò tí ń mú nǹkan tóbi, yóò rí i pé òkúta kékeré ni, tí ó di ìrísí ara rẹ̀ mú.

Ìwà àwọn ohun líle

Níbí ni ẹ̀kọ́ ti dùn jù, nítorí pé ohun líle kan kò jọ èkejì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ na rọ́bà: ó ń nà, ó sì ń padà sí bí ó ṣe wà. Kí ó tẹ wáyà: ó tẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Kí ó tẹ ṣọ́ọ̀kì: kò tẹ̀ rárá, ó dá sí méjì. Góòlù ni àpẹẹrẹ tí ó ga jù nínú àwọn tí ó ṣeé fi òòlù lù, nítorí pé gíráàmù 1 rẹ̀ ṣeé lù pẹlẹbẹ tó mítà 1 níbùú àti lóròó.

Líle gan-an ní ìdánwò tirẹ̀, èyí ni pé kí a fi ohun kan ha èkejì, kí a wo èyí tí àpá hàn lára rẹ̀. Ní ọdún 1812, Friedrich Mohs, ọmọ Jámánì, fi ọ̀nà yìí to òkúta 10 láti orí talc tí ó rọ̀ jù títí dé orí dáyámọ́ńdì tí ó le jù. Síbẹ̀, òòlù lè fọ́ dáyámọ́ńdì, nítorí pé kí nǹkan má ṣeé ha yàtọ̀ sí kí ó má ṣeé fọ́. Èkánná ọmọ lè ha ṣọ́ọ̀kì. Kò lè ha ṣíbí irin.

Kí ọmọ di ṣíbí irin mú lọ́wọ́ kan, kí ó di ti igi mú lọ́wọ́ kejì. Yóò ní irin tutù jù, bẹ́ẹ̀ ibi kan náà ni méjèèjì wà láti àárọ̀. Irin ń tètè gba ooru kúrò lára ọwọ́, igi kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ipò kan sí òmíràn

Ooru ló ń sọ ohun líle di olómi. Omi dídì ń yọ́ ní 0°C, irin kò sì ní yọ́ títí yóò fi dé nǹkan bí 1,538°C, ṣùgbọ́n mákúrì, irú irin kan tí ó máa ń jẹ́ olómi nínú yàrá, ti yọ́ láti -39°C. Nígbà tí omi bá ń hó nínú kẹ́tùlù, kí àgbàlagbà dúró tì wọ́n, kí àwọn ọmọ sì wò ó láti òkèèrè: àlàfo kékeré tí kò sí ohunkóhun tí ojú rí, lẹ́nu kẹ́tùlù gan-an, ni omi tí ó ti di gáàsì wà. Ìkùukùu funfun tí ó wà lókè rẹ̀ ti padà di ẹ̀kán omi wínníwínní.

Bí omi bá dì, ó máa ń fẹ̀ sí i tó ìdá 9 nínú 100, nítorí náà kí ẹ má ṣe fi ìgò gíláàsì tí ó kún fún omi sínú fìríìsà. Fífẹ̀ yìí náà ló ń jẹ́ kí omi dídì léfòó. Ẹ fi ègé omi dídì kan sínú ife omi, kí ọmọ fi ìlà sàmì sí ibi tí omi dé, kí ó sì sọ bóyá omi yóò kọjá ìlà náà nígbà tí ó bá yọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí ó dúró wò ó fúnra rẹ̀. Omi yóò dúró sórí ìlà náà, nítorí pé omi tí ó jáde láti inú ègé náà kò ju èyí tí ó kún àyè apá tí ó rì sínú omi lọ.