Bẹntiróòlù Tí Kò Lọ́tí fún Mọ́tò Àtijọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé ní Iléṣà àti Agbègbè Rẹ̀

Píjó 504 tó ń kó kòkó wálé láti oko, Volkswagen Ìjàpá tí bàbá fi sílẹ̀ sí àgbàlá, Datsun tí a ṣì ń gbé lọ sí ọjà Àtàkúnmọ̀sà: bẹntiróòlù lásán ni àwọn tó ṣe wọ́n ní lọ́kàn. Òun ni rọ́bà, táǹkì àti jẹ́ẹ̀tì (ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá) inú kábúrétọ̀ wọn, ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, bá mu. Bí ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù bá wọ inú epo, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ̀rọ ìfami tàbí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ tó ń lo bẹntiróòlù náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí kábúrétọ̀ ni gbogbo wọn ń lò.

Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2007 ń fẹ́ kí a po ẹ́tánọ́ọ̀lù 10% mọ́ bẹntiróòlù, kí a sì máa rí i láti ara ẹ̀gẹ́ àti ìrèké. A ò bá ẹ̀gẹ́ jà o, àwa la ń gbìn ín. Ṣùgbọ́n ọtí rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ mọ́tò ọdún 1975. Ní Amẹ́ríkà, ilé epo tó bá ń ta èyí tí kò lọ́tí á kọ ọ́ sára ẹ̀rọ. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ara ẹni la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí mìíràn tó lóró) pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, ó sì dé inú táǹkì ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ìròyìn tó kàn.

Ohun tí ọtí ń bàjẹ́

Omi ni àkọ́kọ́, òun ló sì burú jù. Ọtí ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, pàápàá lásìkò òjò. Lítà kan epo tó ní ọtí 10% lè gbé omi bíi mílílítà 5 pamọ́ láìhàn sójú. Bí omi bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọtí àti omi á jọ já sí ìsàlẹ̀ táǹkì, epo á dá wà lókè. Ìsàlẹ̀ yẹn sì ni ẹ̀rọ ti ń fa epo. Mọ́tò ò ní jí. Táǹkì á máa dípẹtà láti inú.

Lẹ́yìn náà ni rọ́bà. Rọ́bà epo àtijọ́ àti awọ rọ́bà inú pọ́ǹpù epo á wú, wọ́n á rọ̀, wọ́n á wá sán. Epo tó bá ń kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná ló kù.

Ẹ̀kẹta, bẹntiróòlù kìló kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kìló 14.7 kó tó jó tán. Èyí tó ní ọtí 10% ń fẹ́ bíi 14.1. Kábúrétọ̀ ò mọ̀, bó ṣe ń wọn ọ́n tẹ́lẹ̀ náà ló ń wọn ọ́n, epo wá kéré sí afẹ́fẹ́. Mọ́tò á máa húkọ́ láàárọ̀, kò ní lágbára lórí òkè, á máa gbóná. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò: bí ẹnu rẹ̀ bá funfun, epo kéré, bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó dáa, bí ó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù.

Bí a ṣe ń yẹ epo wò

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí iná, sìgá àti ààrò jìnnà. Ẹ ra sírínjì mílílítà 10 lọ́dọ̀ olóògùn, ẹ wá ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara, tó ní ìdérí, tó sì lè gbà ju mílílítà 120 lọ. Ẹ fi sírínjì wọn omi ẹ̀ẹ̀kan sínú rẹ̀, ẹ lẹ téèpù sí ibi tó dé: ààmì kìíní nìyẹn. Ẹ wọn ẹ̀ẹ̀kan sí i, ẹ sàmì kejì. Ẹ máa wọn ọ́n títí yóò fi pé ìgbà mọ́kànlá, ẹ sàmì kẹta. Ẹ da omi nù, kí ìgò gbẹ.

Ẹ wá bu omi dé ààmì kìíní, ẹ fi bùlúù tí a fi ń rẹ aṣọ funfun díẹ̀ sí i kó lè hàn, kí ẹ da epo lé e dé ààmì kẹta. Ẹ dé e, ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rọra ṣí i kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí omi ìsàlẹ̀ bá dúró sí ààmì kìíní, epo yẹn ò lọ́tí. Bí ó bá ga dé ààmì kejì, ọtí inú rẹ̀ tó bíi 10%. Mẹ́tánọ́ọ̀lù náà á gbé omi sókè bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò yìí ò lè yà á sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu fa epo látinú táǹkì: mẹ́tánọ́ọ̀lù ń fọ́ni lójú, ó sì ń pani.

Àwọn kan á fi omi fọ ọtí kúrò lára epo báyìí, wọ́n á wá rọ ìyókù sí mọ́tò. Kò dáa. Ìyókù yẹn á mú kí ẹ́ńjìnnì máa dún bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, omi á sì wà nínú rẹ̀.

Rọ́bà, fíítà àti jẹ́ẹ̀tì

Bí ọtí ò bá tilẹ̀ sí nínú epo tòní, ẹ pààrọ̀ rọ́bà, torí ẹ ò mọ tọ̀la. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n kọ SAE 30R9 sí lára, ààmì rọ́bà epo tó lè gba ọtí. Ẹ gé díẹ̀ lára ti àtijọ́ lọ fún oníspéàpáàtì kí fífẹ̀ wọn lè dọ́gba. Ẹ má ra tòkunbọ̀. Ẹ fi kílíìpù tuntun dè é, ẹ so fíítà tí a lè rí inú rẹ̀ sáàárín táǹkì àti pọ́ǹpù. Ọtí máa ń ṣí ìdọ̀tí àtọdúnmọ́dún ní ìsàlẹ̀ táǹkì, nítorí náà, bí ẹ bá ti jó epo ọlọ́tí táǹkì kan tán, ẹ yẹ fíítà wò.

Bí epo ọlọ́tí nìkan ló bá wà, mẹkáníìkì lè fi jẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ díẹ̀ sí i: bí àpẹẹrẹ, èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ jẹ́ 122.5 dípò 120. Kó má fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Ẹ tọ́jú ti tẹ́lẹ̀, òun lẹ máa dá padà bí epo tí kò lọ́tí bá dé.

Ìpamọ́

Ká sòótọ́, lọ́dọ̀ wa níbí, omi inú kẹ́ẹ̀gì ń ba kábúrétọ̀ jẹ́ ju ọtí lọ. Kẹ́ẹ̀gì tí a fọ̀ tí kò gbẹ, kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù tí a fi ọ̀rá dí. Ẹ má ra ju èyí tí ẹ máa lò láàárín oṣù kan lọ, ẹ gbé e síbi tó tutù, kì í ṣe inú ilé tí a ń sùn tàbí ibi ìdáná.

Mọ́tò tí yóò dúró ju oṣù kan lọ: bí epo rẹ̀ ò bá lọ́tí, ẹ rọ táǹkì kún kí afẹ́fẹ́ tó ní omi má ráyè. Bí ó bá lọ́tí, ẹ fà á jáde. Fún jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ oko, ẹ ti ẹnu epo pa nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kó jó èyí tó kù nínú kábúrétọ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá ti tutù, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, kí ẹ fi agolo gba èyí tó bá kán.