Ẹ Má Fẹ̀yìn Lélẹ̀: Bí Aláboyún Ṣe Lè Fi Ara Rẹ̀ Ran Ìrọbí Lọ́wọ́

Agbẹ̀bí ni mí, nílùú Abẹ́òkúta. Bí aláboyún bá ti wọ yàrá ìrọbí, orí bẹ́ẹ̀dì ló máa ń kọ́kọ́ lọ, èmi a sì ní kí ó sọ̀kalẹ̀ ná. Bí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, ìwúwo ọmọ yóò tẹ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn yín. Òòyì lè kọ́ yín, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ sì lè dín kù. Bí ẹ bá wà lóòró, ìwúwo yẹn kan náà ni yóò máa ti orí ọmọ sí ẹnu ilé ọmọ kí ó lè ṣí. Ìwádìí ti fi hàn pé ìrọbí àwọn tó ń dúró tàbí tó ń rìn máa ń fi bíi wákàtí kan yá ju ti àwọn tó dùbúlẹ̀ lọ.

Bí inú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú yín, ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé. Ẹ mu ògì, ẹ sì máa tọ̀ léraléra, torí àpò ìtọ̀ tó kún kì í jẹ́ kí orí ọmọ ráyè sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá mú, ẹ dúró, ẹ dì mọ́ bàbá ọmọ lọ́rùn, kí ẹ máa yí ìbàdí rọra. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro yín, ẹ jókòó kí ojú yín kọ ẹ̀yìn àga, ẹ gbé ìrọ̀rí lé e, ẹ fara tì í.

Ìrora ẹ̀yìn ló máa ń dá àwọn ìyá lágara jù. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀yìn ọmọ bá kọ sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún, kí ẹ wá fọwọ́ àti orúnkún gbélẹ̀ bí ọmọ tó ń rá. Ikùn á rọ̀ sílẹ̀, ẹ̀yìn á sì fúyẹ́. Kí ẹni tó wà pẹ̀lú yín fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yín ní gbogbo ìgbà tí inú bá mú. Àwọn ọkọ a máa fọwọ́ pa á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ agbára ni ẹ̀yìn yẹn ń fẹ́. Àwọn ìyá àgbà mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù wọ́n lọ. Bí ó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ ti ọmọ jáde kí ẹnu ilé ọmọ tó ṣí tán, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀ kí ìdí ga, ẹ máa mí kúkúrú kúkúrú.

Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rí láàrin orúnkún. Ẹ sinmi dáadáa, iṣẹ́ ṣì kù.

Nígbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ṣí tán, tó pé sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ kúnlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ di irin orí rẹ̀ mú, tàbí kí ẹ lóṣòó kí ẹnì kan gbá yín mú láti ẹ̀yìn. Ọ̀nà àbájáde ọmọ máa ń fẹ̀ sí i báyìí. Àwọn ìyá wa kúnlẹ̀ bímọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹni. Ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ díẹ̀ ju ti ẹni tó dùbúlẹ̀, nítorí náà kí agbẹ̀bí wà nítòsí yín.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nígbà ìrọbí, tàbí omira tó ní àwọ̀ ewé, ẹ má rìn kiri mọ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn kíá. Bákan náà ni bí omira bá dà nígbà tí orí ọmọ ṣì wà lókè, torí okùn ìwọ́ lè ṣíwájú ọmọ jáde. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìbejì, tàbí tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ rí, kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé.

Gbogbo yín, ẹ bèèrè nígbà tí ẹ bá lọ gba ìtọ́jú oyún bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ rìn, kí ẹ sì kúnlẹ̀ bímọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ sínú ìlànà wọn ti ọdún 2018 pé kí wọ́n gba aláboyún tí kò ní ìṣòro láyè láti yan bí ó ṣe fẹ́ wà. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí àyè ṣì wà láti wá ibòmíràn.