Ẹ fẹ́ ra ilé ní England? Ẹ kọ́kọ́ ro ti ilé tó wà ní Ìbàdàn

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí lọ́yà máa kó síwájú yín, stamp duty ló máa ń ká àwọn èèyàn wa mọ́ ibi tí wọn ò rò. Owó orí ni, ìjọba ló ń gbà á, àpò yín ló sì ti máa jáde.

Láti oṣù Kẹrin 2025, ẹni tó ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í san kọ́bọ̀ lórí £300,000 àkọ́kọ́, bí iye ilé náà ò bá ti ju £500,000 lọ. Àmọ́ "ìgbà àkọ́kọ́" yìí ò mọ sí England o. Ilé tí ẹ ti ní rí níbikíbi láyé wà nínú ẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tí ẹ jogún. Bí tọkọtaya bá jọ ń rà á, tí ọ̀kan ti nílé rí, àǹfààní náà ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé £280,000 ṣírò ẹ̀. Ẹni tí ò nílé rí ò ní san nǹkan kan. Ẹni tó ti nílé rí àmọ́ tó ti tà á máa san £4,000. Ẹni tí ilé rẹ̀ ní Nàìjíríà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, tó sì tó £40,000, máa san £18,000! Ilé ọkọ tàbí ìyàwó yín náà wà nínú ìṣírò. Ilẹ̀ lásán tí ẹ ò tíì kọ́ nǹkan kan sí ò sí níbẹ̀. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún lọ́yà kó tó kọ fọ́ọ̀mù, torí ìtanràn ń bẹ fún ẹni tó bá fi pamọ́.

Owó àsansílẹ̀ 10% lórí ilé yẹn jẹ́ £28,000. Báńkì á yá yín £252,000, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní loan to value 90%. Bó bá ṣe ń wálẹ̀ sí ni èlé máa ń dínkù. Lọ́yà á béèrè ibi tí owó ti wá. Owó àjọ tó já wọ àkáǹtì lẹ́ẹ̀kan náà máa ń dá iṣẹ́ dúró, nítorí náà ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ iye tí ẹ ń dá lóṣooṣù àti ọjọ́ tí ẹ kó o. Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn òbí, wọ́n máa buwọ́ lùwé pé àwọn ò ní gbà á padà.

Fílátì sábà máa ń jẹ́ leasehold: iye ọdún kan lẹ rà, kì í ṣe ilẹ̀. Bí ọdún tó kù ò bá tó 80, owó tí wọ́n fi ń sún un síwájú á wọ́n gan-an.

Títí di ọjọ́ exchange, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn lọ́yà máa pààrọ̀ ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin àti ẹni tó ń tà á ti buwọ́ lù, ẹni tó ń tà lè yí ọkàn padà láìsan nǹkan kan fún yín. Ẹ má tíì sọ fún lánlọ́ọ̀dù pé ẹ ń kó jáde ṣáájú ọjọ́ yẹn.