Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ fẹ́, ooru ni ẹ rà: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú fífi yàrá kún ilé

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ọmọ ń pọ̀, màmá ti dé láti abúlé, ilé ò gbà wọ́n mọ́. Wọ́n kó owó jọ, wọ́n fi pálọ̀ tuntun kún ẹ̀yìn ilé, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ làwọn fẹ́. Kí ọdún tó yípo, gílóòbù ń tàn lọ́sàn-án gangan, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Iṣẹ́ ilé yíyà àti kíkọ́ ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Ẹni tí kò bá tíì mọ ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí lórí ilẹ̀ rẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ dúró síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ kó tó ka èyí.

1. Gíláàsì ńlá sí ìhà ìwọ̀-oòrùn

Èyí ni yóò pa mí. Oníbàárà á na fóònù sí mi: "Ẹnjiníà, irú èyí gan-an ni mo fẹ́." Mo bá wò ó: ilé kan ní England tàbí Kánádà, gíláàsì látòkè délẹ̀, oòrùn ń ràn sórí àga. Ó rẹwà, mi ò jiyàn. Àmọ́ òtútù ni ìṣòro tiwọn. Gúúsù ni wọ́n kọ ojú gíláàsì sí, kí oòrùn ìgbà òtútù lè wọlé wá bá wọn mú ilé móoru lọ́fẹ̀ẹ́. Ní London, oòrùn ọ̀sán gangan ní ìparí oṣù Kejìlá kì í ga ju nǹkan bíi dígírì 15 lọ sókè ojú ilẹ̀ (àtàrí ni 90). N'Íbàdàn lọ́jọ́ kan náà, nǹkan bíi 59 ni. Oòrùn tí àwọn ń bẹ̀ kó wọlé, àwa ń wá bí a ó ṣe lé e síta.

Oòrùn ọ̀sán kò ṣòro lé. Fèrèsé tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4 tó kọjú sí gúúsù, bí etí òrùlé bá yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀, òjìji ti bò ó lọ́sàn-án, kódà nínú oṣù Kejìlá. Ti àríwá ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run á wọlé, oòrùn fúnra rẹ̀ á dúró síta. Ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà wà. Láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún, oòrùn ti rẹlẹ̀ tó nǹkan bíi dígírì 30, ojú fèrèsé ìwọ̀-oòrùn ló sì ń wò tààrà. Fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà 4 yẹn kan náà yóò wá nílò etí òrùlé tó yọ ní ẹsẹ̀ bàtà 7. Ta ló fẹ́ kọ́ ìyẹn?

Mo bẹ ìdílé kan ní Bódìjà títí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá ilé gbà. Bàbá ilé ní àwòrán inú fóònù lòun ń tẹ̀ lé, ó sì lọ pe bíríkìlà mìíràn. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n pè mí padà. Wọ́n ti fa kọ́tìnì bo gíláàsì. Oòrùn ti pa á láwọ̀ dà. Wọ́n lẹ tíńtì dúdú mọ́ gíláàsì. Pálọ̀ ṣókùnkùn, ooru ò lọ. Wọ́n ra amúlétutù. Apá rẹ̀ ò ká a. Màmá àgbà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fẹ ilé ti gbé àga jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Mo kí i, mo ní, "Mà, pálọ̀ tuntun ńkọ́?" Ó ní, "Ẹnjiníà, fi mí sílẹ̀ o jàre." A yọ gíláàsì, a mọ ògiri dí i, a gbé fèrèsé sí gúúsù, a sì to búlọ́ọ̀kù oníhò tí atẹ́gùn ń gbà kọjá síwájú ògiri ìwọ̀-oòrùn náà kí oòrùn má baà máa lù ú. Bàbá ilé ní búlọ́ọ̀kù oníhò ti di ti àtijọ́. Mo ní kó lọ wo Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán rẹ̀, bí ara rẹ̀ ṣe kún fún ihò bí asẹ́.

2. Fífi yàrá tuntun fọ́ ti àtijọ́ lójú

Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kì í wọnú yàrá lọ títí. Ẹ wọn gíga òkè fèrèsé láti ilẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì sí méjì àbọ̀: ibẹ̀ ló mọ. Fèrèsé tó parí ní ẹsẹ̀ bàtà 7, kò ní ràn kọjá ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 17. Ẹ wá lẹ pálọ̀ tuntun mọ́ pálọ̀ àtijọ́ pátápátá, ẹ ń retí kí ìmọ́lẹ̀ rìn la méjèèjì já. Ẹ fi àlàfo tó ṣí sójú ọ̀run sílẹ̀ láàárín wọn. Agbo ilé àwọn baba wa ní àgbàlá láàárín, wọn kò fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán.

3. Páànù tó mọ́ gaara bíi gíláàsì lórí òrùlé

Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe kejì ló máa ń sáré ṣe èyí. Oòrùn wa kì í jìnnà sí àtàrí. Nínú oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹsàn-án, ó máa ń dúró gangan lórí Ìbàdàn. Ẹ ti wá dá ojú òrùlé lu fún un! Bí ẹ bá fẹ́ ìmọ́lẹ̀ láti òkè, ẹ gbé apá òrùlé kan ga ju èkejì lọ, kí ẹ fi fèrèsé tóóró sáàárín wọn, kó kọjú sí àríwá, kó sì ṣeé ṣí. Ooru á gba ibẹ̀ jáde.

Fèrèsé sláìdì: owó odindi lẹ san, ìdajì ló ń ṣí. Késímẹ́ǹtì tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn ń ṣí tán. Lúfà tí gbogbo yín ń bú náà ń ṣí tán.

Fèrèsé sí ògiri kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà jáde kò ní wọlé. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá bá wa jù lọ́dún, àfi ìgbà ọyẹ́. Ẹ ṣí ọ̀nà fún un níbẹ̀, kí ẹ sì ṣí òmíràn sí ògiri tó dojú kọ ọ́.

Sílíńgì aláwọ̀ pákó: ó ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Funfun ni kẹ́ ẹ fi ṣe é.

Páànù dúdú. Rárá.

Ìkẹjọ ni àbí ìkẹsàn-án? Mi ò kà á mọ́. Kápẹ́ńtà tó bá dí gbogbo ihò abẹ́ òrùlé, ẹ ní kó ṣí i padà. Ooru tó há sókè sílíńgì ń sọ̀ kalẹ̀ bá yín lálẹ́. (Ẹ má bi mí nípa ilé tèmi. Ìyàwó mi ní ilẹ̀kùn ilé ìdáná òun ṣì jẹ́ aṣọ àǹkárá, òótọ́ ló sọ.)

Ẹ má gé igi tó wà níhà ìwọ̀-oòrùn torí pé ẹ fẹ́ kí ilé hàn sí títì. Ẹ gba ìwé-àṣẹ kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, àwọn ìjọba kì í fi ẹnu lásán wó ilé. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ gbé e jìnnà sí àwọn fèrèsé tuntun wọ̀nyẹn, pàápàá èyí tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, torí èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun.