Iná Mẹ́ta Tí Kámẹ́rà Kà Ní Márùn-ún

₦95,000 ni mo san fún ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ lé orí ẹni tó ń wa ọkọ̀ òfúrufú lórí kọ̀ǹpútà, kò sì tàn fún mi lọ́jọ́ kan rí. Àlòkù ni. Ẹni tó tà á fún mi ní láti òkè òkun ló ti wá, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lójú ọ̀nà kó tó dé Adó, mo sì tún ka ₦7,500 sílẹ̀ ní gáréèjì kí wọ́n tó jẹ́ kí n gbé páálí rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé wáyà inú rẹ̀ ti já tipẹ́, ẹnì kan sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ike rẹ̀ pa dà kó má baà hàn. Mo pe ẹni tó tà á. Ó ní ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á pa dà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pápákọ̀ òfúrufú lójú ọ̀nà Adó sí Ìjàn ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú ti wọ̀ mí lára, X-Plane, eré kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ọkọ̀ òfúrufú gidi, ni mo sì fi ń wà á. Ìṣòro ibẹ̀ ni ojú. Tí ẹ bá fẹ́ yà síbi tí ẹ óò balẹ̀ sí, ẹ gbọ́dọ̀ máa wo ẹ̀gbẹ́, bọ́tìnì lẹ sì máa tẹ̀ láti wò ó, bí ẹni tí ọrùn rẹ̀ gan. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ lé orí ló ń tú ọrùn yẹn sílẹ̀. Kámẹ́rà kan á jókòó sókè kọ̀ǹpútà, iná wẹ́wẹ́ mẹ́ta tí ojú èèyàn kò lè rí á wà lára headphone yín, kámẹ́rà á máa wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá yí orí, ipò iná kan sí èkejì á yí pa dà, kọ̀ǹpútà á sì fi ìyẹn ṣírò bóyá ẹ wo òsì ni, bóyá ẹ tẹ orí ba, bóyá ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ lè ṣètò rẹ̀ kí yíyí orí díẹ̀ di ńlá nínú ọkọ̀, kí ojú yín má baà kúrò lára kọ̀ǹpútà. TrackIR ló lórúkọ jù nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ agbára mi kò ká a ní tuntun, ìdí nìyẹn tí mo fi ra àlòkù tó dé láìṣiṣẹ́ yẹn. Mo wá sọ fún ara mi pé bó bá jẹ́ iná mẹ́ta àti kámẹ́rà kan ni, ọwọ́ mi á ká a.

Ọwọ́ mi ká a lóòótọ́. Iná tó wà lórí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ni irú iná tí mò ń wí. Òkú rìmóòtù kan wà nílé, mo tún ra mẹ́ta ní ₦500 ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ajílósùn. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi dán an wò láìsí resistor, ohun kékeré tó ń dín iná tó ń kọjá kù, jó lójú ẹsẹ̀: volt kan àti díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fẹ́, USB sì ń gbé 5 jáde. Mo wá so mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, mo fi resistor 22 ohm sí i. Ẹ fi kámẹ́rà iwájú fóònù wò ó bó bá tàn, ẹ óò rí i bí àwọ̀ àlùkò. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ fóònù kì í rí i. Orí iná rìmóòtù tún rí roboto, ọ̀kánkán nìkan ló ń tàn sí, ìdí nìyẹn tí mo fi fi sáńpépà há a títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Irin hángà ni mo tẹ̀ láti fi gbé wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ headphone.

PS3 Eye ni kámẹ́rà mi, èyí tí Sony ṣe fún PlayStation 3. Mo rí i rà ní ₦6,000. Gíláàsì kékeré kan wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ tó ń dènà irú iná yìí, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ óò wá ohun tó máa dènà ìmọ́lẹ̀ tí àwa ń rí, kó jẹ́ kìkì èyí tí a kò rí ló máa wọlé. Awọ dúdú inú dísíkẹ́ẹ̀tì, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pamọ́ láyé àtijọ́, ń ṣe é dáadáa. Mo lọ bá àǹtí mi tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láyé dísíkẹ́ẹ̀tì.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe, ọmọ yìí? Ìwé àwọn èèyàn ló wà lórí ẹ̀ o."

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú, kò sí ẹ̀rọ tó lè kà á nílé yìí mọ́."

Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku ara ọ̀kan, wọ́n ka orúkọ tí wọ́n fi bírò kọ sí i jẹ́jẹ́, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n mú èyí tí kò ní orúkọ fún mi. Nílé, mo ti irin pẹlẹbẹ ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn, mo ki ọ̀bẹ bọ ìlà ike rẹ̀, awọ náà yọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti kọfí tí kò ní mílíìkì. Mo gé e bí ẹyọ owó kékeré, mo fi bo ojú kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ sọ́fíwíà tó ń fi iná wọ̀nyí ṣírò ibi tí orí yí sí kò gba àlàyé: OpenTrack ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi rúlà wọn àlàfo iná kan sí èkejì, ẹ kọ ọ́ sí i, ó parí.

Ibi tí ìyà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. OpenTrack máa ń sọ iye iná tó rí, mẹ́ta ló sì yẹ kó máa kà. Lówùúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ tàn án, mẹ́ta ló kà. Mo gbéra ní Èkó, mo yí orí sí òsì, mo rí ìyẹ́ ọkọ̀, mo na ọrùn síwájú, mo rí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo pariwo débi pé ìyá mi sáré wọlé. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán, mo wà lókè Àkúrẹ́, mo fẹ́ yà láti balẹ̀, ojú mi ṣàdédé fò lọ wo òrùlé ọkọ̀, ó fò wo ẹsẹ̀, ó yí po. Mo wo OpenTrack. Márùn-ún ló kà. Mo jókòó jẹ́ẹ́, márùn-ún. Ó di mẹ́rin, ó tún di márùn-ún.

Mo tú wáyà, mo fi òjé jó gbogbo ojú rẹ̀ lákọ̀tun. Mo ra wáyà USB mìíràn, ₦3,500. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ó ṣiṣẹ́, mo dúpẹ́. Lọ́sàn-án ó tún dàrú. Èyí tó wá tàn mí jẹ jù ni ti alẹ́. Tí kò bá sí iná, tí mò ń lo bátìrì láàárín òkùnkùn, mẹ́ta gérégé ló ń kà. Bí wọ́n bá ti mú iná wá báyìí, ó dàrú. Ta ni kò ní sọ pé iná tó ń lọ sókè sódò ló fà á? Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo lọ ra sítábíláísà ₦28,000. Mo so ó mọ́ ọn, kò yí ohunkóhun pa dà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò báyìí, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìdí ẹ̀rọ yìí ni mo máa jókòó sí, mi ò ní rántí oúnjẹ.

Òjò ló tú àṣírí. Lọ́jọ́ kẹwàá, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ ní aago mẹ́rin kan náà, ẹ̀rọ náà sì ń ka mẹ́ta bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Òjò dá, oòrùn yọ, ó di márùn-ún níṣojú mi. Mo bojú wẹ̀yìn. Fèrèsé ló wà lẹ́yìn mi, àwọn tí wọ́n wà lódìkejì ọgbà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi páànù tuntun kanlé. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń kọ mànà lára rẹ̀, ó ń ti ojú fèrèsé bọ́ sínú kámẹ́rà tààrà. Mo dìde, mo fi ìwé ńlá bo fèrèsé: mẹ́ta. Mo ká a kúrò: márùn-ún. Mo ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mẹfà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ti alẹ́ ńkọ́? Gílóòbù àtijọ́ ni, èyí tó ń tàn bíi ẹyin adìẹ tó sì máa ń gbóná. Ooru tó ń jáde lára rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí a kò rí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, irú èyí tí kámẹ́rà mi ń wá gan-an. Awọ dísíkẹ́ẹ̀tì kò lè dá a dúró, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí irú rẹ̀ wọlé. Mo ra gílóòbù LED ₦1,200, alẹ́ sì gún régé. Kọ́tìnnì dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo ta sí fèrèsé kò dí oòrùn náà tó. Ohun tó dí i ni pé mo yí tábìlì pa dà kí ògiri wà lẹ́yìn mi. Kọ́bọ̀ kò jáde lọ́wọ́ mi fún ìyẹn, ó kàn dí ọ̀nà kọ́bọ́ọ̀dù díẹ̀, ìyá mi sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Bí mo bá tún un ṣe lónìí, kí n tó fọwọ́ kan òjé rárá, kámẹ́rà ni màá kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ láìdé headphone oníná náà sórí, màá wò ó lówùúrọ̀, lọ́sàn-án, ní aago mẹ́rin, àti lálẹ́ tí gílóòbù ń tàn. Iye iná tó bá kà gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Bó bá ti ka ẹyọ kan, inú yàrá ni ẹjọ́ wà. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi, gbogbo àlàyé tí mo rí, orí wáyà ni wọ́n ń dá lé jù. Gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì mi báyìí, pẹ̀lú resistor àti wáyà ₦800, kò ju ₦9,500 lọ. ₦134,000 ló bá ẹ̀rọ tó ti kú, owó gáréèjì, wáyà USB àti sítábíláísà lọ.

Lánàá ní aago mẹ́rin kọjá, páànù yẹn ń tàn yanranyanran, mo gbéra ní Àkúrẹ́, mo kọjú sí àríwá. Bí mo ṣe súnmọ́ Ìkẹ́rẹ́, mo rọra yí orí sí òsì, ilẹ̀ wú sókè níbi tó yẹ kí òkè Olósùnta wà, mo sì ń fi ojú bá a lọ títí ó fi kọjá sẹ́yìn ìyẹ́ ọkọ̀. Mẹ́ta ni OpenTrack kà títí mo fi balẹ̀.