Okùn E (èyí tó nípọn jù) gìtá bass mi, Fender Mustang Bass, ti ń dún padà o
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Mustang Bass àtijọ́, okùn E tèmi ò ké dáadáa rárá, á kàn máa ṣe búm-búm bí ìlù tí awọ ẹ̀ ti rọ̀, mo gbé pickup (ohun tó ń gba ìró okùn) sókè mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, pàbó. Àṣé òwú pupa tí wọ́n wé mọ́ ìparí okùn ló wà lórí nut, ibi tí okùn ti ń kọjá lórí ọrùn gìtá! Òótọ́ ni pé ínṣì 30 ni scale ẹ̀ (gígùn ibi tó ń dún lára okùn), ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gìtá lokùn ti ń gba inú pákó jáde, okùn short scale (ti gìtá kúkúrú) ò lè tó. Medium scale, ti ínṣì 32, ni mo rà, flatwound (èyí tí ara ẹ̀ tẹ́jú), ó wá ń dún ketekete. Ó ku truss rod, irin inú ọrùn tí wọ́n fi ń mú un tọ́, ìdí ọrùn ni ibi tí wọ́n ti ń yí i wà, àfi kéèyàn tú ọrùn kúrò, wàhálà gidi nìyẹn.