Gẹ́kò Kan, Táńkì Kan: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Òbí Tọ́mọ Ẹ̀ Ń Sin Leopard Gecko

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ. Àwọn tá a jọ ń ṣe ìpàdé níbí ní London ló ní kí n kọ nǹkan yìí sílẹ̀, torí pé láàárín ìgbà òtútù tó kọjá yìí nìkan, ilé mẹ́ta ni leopard gecko, irú ọmọńlé kan táwọn ọmọ ń sìn, ti kú, ohun kan náà ló sì pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n kó méjì sínú táńkì kan, ìyẹn àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sìn ín sí. Kì í ṣe àìjẹun o, kì í sì í ṣe òtútù. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fún un lóúnjẹ tàbí bí wọ́n ṣe ń wọ́n páúdà kálísíọ́ọ̀mù sára ìrẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn, àwọn ọmọ yín sì ti wò ó lórí YouTube débi pé wọ́n lè kọ́ èmi gan-an. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: gẹ́kò kan, táńkì kan. Ì báà jẹ́ akọ àti akọ, ì báà jẹ́ abo àti abo.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò fẹ́ràn ọmọńlé láti ilé. Ìgbálẹ̀ la fi ń lé e, wọ́n sì sọ fún wa pé tó bá já sínú ọbẹ̀, ọbẹ̀ ti di májèlé nìyẹn. Kò ní oró kankan. Àmọ́ ìríra yẹn ni kì í jẹ́ ká sún mọ́ táńkì wò ó dáadáa, ọmọdé nìkan la fi í sílẹ̀ fún, ọmọdé ò sì mọ ohun tó yẹ kó máa wò.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ilé kan ní Peckham. Ìyá ọmọ náà kọ́kọ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, gẹ́kò méjì ni, ọ̀kan gun ẹ̀yìn èkejì lórí òkúta tó máa ń gbóná yẹn, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Àǹtí, ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ara wọn." Lọ́jọ́ Sunday mo yà síbẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ra méjèèjì, ẹni tó tà á fún wọn sì ní abo ni wọ́n. Mo gbé wọn lé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fùláwà: ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 61, èkejì jẹ́ 34. Ìrù èyí tó tóbi ki bí àtàǹpàkò mi, ti èyí tó kéré ti tẹ́ẹ́rẹ́ bíi péńsùlù, gbogbo ọ̀rá tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló ti gbẹ. Mo fi iná fóònù wo ọrùn ẹ̀, mo rí ojú eyín, àwọn kan ti gbẹ, àwọn kan ṣì tutù. Mo wá gbé wọn sínú abọ́ gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wò wọ́n láti abẹ́. Akọ ni méjèèjì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ni wọ́n dúró tì mí, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó fi máa di Wednesday, èyí tó kéré ti kú, ìyá ẹ̀ ṣì ń bi mí lórí fóònù pé ṣebí wọ́n máa ń sùn lórí ara wọn.

Wọn ò sùn lórí ara wọn nítorí ìfẹ́. Ibi tó gbóná ni wọ́n ń dù. Nínú táńkì tí wọ́n tò dáadáa, ojú kan ló máa ń tó dígírì 30 sí 32, òdìkejì á wà ní 24 sí 26. Gẹ́kò ò ní ooru tiẹ̀ nínú ara bíi tàwa èèyàn, ooru yẹn ló fi ń lọ oúnjẹ nínú ikùn, nítorí náà èyí tó bá gba ibẹ̀ ló ń jẹun tó ń dà. Èyí tí wọ́n lé kúrò lè gbé ìrẹ̀ mì o, àmọ́ kò ní rí ooru fi dà á, á máa rù lójú yín. Èyí tẹ́ ẹ rí tó gun orí èkejì yẹn, ó jókòó lé e lórí ni, ó ń sọ fún un pé ibí yìí kì í ṣe tìẹ.

Ẹni tó bá dàgbà n'Íbàdàn tàbí Òṣogbo ti rí akọ alángbá méjì rí lórí ògiri, olórí pupa, wọ́n á kọ́kọ́ máa mi orí síra wọn, tó bá yá wọ́n á máa fi ìrù na ara wọn ní pàṣán, àwa ọmọdé á máa pariwo. Èyí tí apá ẹ̀ ò bá ká a á bẹ́ sílẹ̀, á sá lọ sórí ògiri míì, ìjà tán. Bọ́rọ̀ gẹ́kò ṣe rí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú táńkì, ògiri míì dà? Ibi tó bá sá dé, gíláàsì ni. Wọ́n ní àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan, a mọ òwe yẹn, a sì ń kó akọ méjì sínú àpótí gíláàsì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ fún mi pé "wọn kì í jà, mo máa ń wò wọ́n," ìgbà wo lẹ máa ń wò wọ́n? Ọ̀sán. Ọ̀sán ni wọ́n ń sùn. Ìrọ̀lẹ́ ni leopard gecko máa ń jáde, òkùnkùn ni wọ́n ti ń jà. Ẹ gbé fóònù tàbí kámẹ́rà kékeré ti táńkì, kó máa ká wọn láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí di ààjìn, kẹ́ ẹ ṣe é fún alẹ́ mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó gbé ìrù sókè tó ń jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún díẹ̀díẹ̀ bí ejò, ìjà ló ń wá. Tó bá jẹ́ pé orí ìrù ló ń gbọ̀n wìrìwìrì, akọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá gbóòórùn abo, ẹ tún ti wọ wàhálà míì nìyẹn, torí ẹyin méjì méjì ni abo náà á máa yé, bẹ́ ẹ bá sì yà wọ́n lónìí, ó ṣì lè máa yé ẹyin tó lọ́mọ nínú fún oṣù mélòó kan.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ akọ: ẹ má dojú ẹ̀ délẹ̀, ẹ má gbá a mú. Ẹ gbé e sínú abọ́ gíláàsì tàbí ike tó mọ́ gaara, ẹ gbé abọ́ sókè, ẹ tan iná láti abẹ́. Láàárín itan méjèèjì, lókè ihò ìdí, akọ ní àwọn ihò wínníwínní tó tò bíi lẹ́tà V, kókó méjì á sì wú lẹ́yìn ihò ìdí náà níbi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀. Ti abo máa ń tẹ́jú. Nígbà tí gẹ́kò bá ṣì kéré, ẹni tó bá wò ó tó ní abo ni lè kàn máa méfò ni. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ onítọ̀hún kó méjì wálé.

Abo méjì wá ńkọ́? Orí èyí la ti máa ń bá ara wa jiyàn ní ìpàdé. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń fi ṣòwò máa ń kó abo bíi mélòó kan pọ̀, wọ́n ní àyè, wọ́n ní ibi ìsápamọ́ rẹpẹtẹ, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, táńkì míì sì wà nílẹ̀ tí wọ́n máa gbé èyí tó bá ń rù sí lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ní táńkì kan nínú yàrá ọmọ. Nǹkan míì tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: ooru tí ẹyin ẹ̀ wà ló ń sọ ọ́ di akọ tàbí abo. Ní nǹkan bíi dígírì 26 abo ló ń pọ̀ jù, ní 32 sí 33 akọ ló ń pọ̀ jù, tó bá wá lọ sí 34 sókè, abo ló tún ń jáde, abo yẹn sì máa ń le bí akọ. Ṣé ẹ mọ ooru tí ẹyin tiyín wà? Ẹ ẹ̀ mọ̀. Àwọn abo kì í sì í jà kí ẹ̀jẹ̀ dà nígbà gbogbo, ọ̀kan á kàn máa gba oúnjẹ, á máa gba ibi gbígbóná, èkejì á máa fà sẹ́yìn. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Òṣùwọ̀n ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo Saturday, ẹ wọ̀n ọ́n ní gíráàmù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ìdá kan nínú mẹ́wàá bá ti dín, ìyẹn tí 50 bá di 45, ẹ yà wọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má dúró de owó oṣù.

Àwọn kan á ní ó máa nìkan wà, àánú ń ṣe wọ́n. Mo mọ ibi tí àánú yẹn ti wá, àwa ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá gbé. Gẹ́kò kì í ṣe èèyàn, kì í ṣe adìyẹ. Ó ń dá gbé láti ìlú ẹ̀ ní Pakistan àti Afghanistan, ara ẹ̀ sì dá ṣáṣá. Àwọn tó ń sin fat-tailed gecko, tó jẹ́ ará ilé wa gan-an, igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Kamẹrúùnù ló ń gbé, òfin kan náà ni o. Crested gecko náà ńkọ́, ìyẹn tiẹ̀ burú jù, tí ìrù tiẹ̀ bá já kì í hù mọ́ láé.

Òfin ìlú yìí náà ò fọwọ́ sí i. Animal Welfare Act ti 2006, tó wà fún England àti Wales, ka bóyá ẹranko nílò láti wà pẹ̀lú òmíì tàbí kó dá wà mọ́ ohun tí olówó ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe fún un. Tọ́mọ tó ni ín ò bá tíì pé ọdún 16, ẹ̀yin òbí lòfin máa bi. Ẹ má sọ pé ti ọmọ ni.

Tí gẹ́kò méjì bá ti wà nínú táńkì kan nílé yín báyìí, alẹ́ òní ni kẹ́ ẹ yà wọ́n. Táńkì gidi fún ẹyọ kan, 90 × 45 × 45 sẹ́ńtímítà. Tówó ò bá tíì sí, ike ńlá onídèérí tó gùn tó 60 sẹ́ńtímítà, tẹ́ ẹ lu ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, lè gbà á fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ heat mat tiẹ̀, ìyẹn ẹní oníná tó ń mú nǹkan gbóná, gbọ́dọ̀ wà, kó gba ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ ẹ̀, kó sì ní thermostat tiẹ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí ooru kọjá ibi tẹ́ ẹ fi sí. Heat mat láìsí thermostat lè jó o níkùn. Ibi ìsápamọ́ mẹ́ta: ọ̀kan níbi gbígbóná, ọ̀kan níbi tútù, ọ̀kan tẹ́ ẹ fi tíṣù tutù sínú ẹ̀ kó lè fi bọ́ awọ. Ẹ má fi pákó pín táńkì àtijọ́ sí méjì, orísun ooru kan náà ló ṣì wà níbẹ̀. Tí táńkì méjèèjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ki páálí sáàárín, akọ tó bá ń rí akọ látinú gíláàsì lè má jẹun.

Èyí tó bá fara gbọgbẹ́, ẹ kó yẹ̀pẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀, tíṣù funfun ni kẹ́ ẹ tẹ́, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má fi róòbù ra á, ẹ má fi àdí, ẹ má fi àgbo. Dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa àwọn ẹ̀yà aláǹgbá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá. Tí ìrù leopard gecko bá já, òmíì máa hù, á kúrú, á rí wúruwùru, ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa fi ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ìkejì, ọjọ́ 90 ni kó fi wà ní yàrá míì, abọ́ omi tiẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀pá tẹ́ ẹ fi ń mú ìrẹ̀ fún un lọ́tọ̀, ọwọ́ fífọ̀ láàárín méjèèjì. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní crypto, òun ló ń jẹ́ kí ìrù rù bí igi ìṣáná, bleach ò pa á, mi ò sì tíì rí èyí tó bọ́ nínú ẹ̀.

Tí àyè táńkì kejì ò bá sí nílé yín rárá, ẹ wá ẹni tó máa gba ọ̀kan lọ́wọ́ yín. Kẹ́ ẹ tó gbé e fún un, ẹ bi í léèrè bóyá òmíì ti wà nínú táńkì tó fẹ́ fi í sí.